Ẹni Tí Kì Í Bá Ẹgbẹ́ Díje ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin

Kí n tó wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Nàìjíríà ní Bwari, ẹ̀gbọ́n mi kan sọ fún mi pé ènìyàn jẹ́jẹ́ bíi tèmi kò lè rọ́wọ́ mú níbẹ̀, nítorí pé gbogbo wọn ló ń lé ipò kìn-ín-ní. Mo rò ó títí, mo sì lọ.

Nígbà tí mo wà níbẹ̀, kọ́ọ̀sì márùn-ún ni a ń ṣe ìdánwò lé lórí, èyí tí máàkì rẹ̀ bá sì kéré jù lọ nínú wọn ni wọ́n fi ń pinnu ipò tí ènìyàn yóò gbà. Ẹni tó bá ta yọ nínú mẹ́rin, tí ìkarùn-ún wá mẹ́hẹ, ìkarùn-ún náà ni yóò gbé relé. Lójú tèmi, irú ètò bẹ́ẹ̀ bá ẹni tó ń kàwé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lára mu ju ẹni tó ń sáré ìje lọ. Bí ọ̀rẹ́ mi bá yege, kò dín máàkì tèmi kù. Ìdí nìyẹn tí àwa mẹ́rin fi ń pín àkọsílẹ̀ wa láìfi nǹkan kan pamọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi akẹ́kọ̀ọ́ kan wé èkejì kí wọ́n tó fún wọn ní máàkì, ọ̀rọ̀ náà lè le jù báyìí lọ.

Ohun tó le fún mi gan-an ni dídìde sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Bí olùkọ́ bá pe orúkọ mi, ẹsẹ̀ mi a máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo máa ń dáhùn.