Ìgò bíà kan lọ́sàn-án: ẹ wo aago kẹ́ ẹ tó ṣí i

Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé ó burú kéèyàn fi bíà lé oúnjẹ ọ̀sán kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dá wọn lóhùn. Ohun méjì ni màá béèrè: aago mélòó lẹ máa mu ún tán, kí sì lọwọ́ yín máa kàn lẹ́yìn ìyẹn? Gbogbo ohun tí mo kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìgò ńlá tí wọ́n ń gbé ka tábìlì ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Kútọ̀ l'Ábẹ́òkúta níbí, 60cl ni. Tí wọ́n bá kọ 5% sí i lára, mílílítà 30 nínú rẹ̀ ni ògidì ọtí. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ń gbọ́n nǹkan bíi mílílítà 10 kúrò ní wákàtí kan; ti ẹlòmíì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹlòmíì ń wọ́. Wákàtí mẹ́ta nìyẹn lórí ìgò kan ṣoṣo. Ẹni tó mu ún tán láago kan ààbọ̀, á di aago mẹ́rin ààbọ̀ kó tó kúrò lára rẹ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn ti ń palẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ sítáòtù 7.5% ní ìgò kan náà, mílílítà 45 ni, ìyẹn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Ìgò kejì, ẹ má wulẹ̀ ṣírò ẹ̀.

Ẹmu ló ń tan èèyàn jẹ jù. Èyí tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ dùn, ọtí inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Àmọ́ ìwúkàrà inú rẹ̀ kì í sinmi, látorí ọ̀pẹ ló ti ń sọ ṣúgà di ọtí. Nígbà tó bá fi dọ̀sán, ó lè ti le tó bíà. Ẹ tọ́ ọ wò: bí adùn rẹ̀ bá ti ń lọ, tó ń hó, tó sì ti ń ta lẹ́nu, kì í ṣe ẹmu àárọ̀ mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní "ẹmu lásán".

Paraga burú ju ìyẹn lọ, torí ẹni tó ń mu ún kì í kà á mọ́ ọtí. Oògùn ni, àbí? Ọ̀pá ẹ̀yìn ni, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Tọ́ọ̀tì mílílítà 30 tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ 40%, mílílítà 12 ògidì ọtí ló gbé wọlé, wákàtí kan ó lé. Ẹni tó ń tà á gan-an ò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ bi í pé, "Omi lẹ fi rẹ ẹ́ àbí ọtí?" Bó bá rẹ́rìn-ín, ọtí ni.

Ìwọ̀n tí òfin gbà fún awakọ̀ nílẹ̀ yìí ni gíráàmù 0.5 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ọkùnrin oníkílò 70 tó gbé ìgò 60cl kan mì kíákíá lórí ikùn òfìfo lè débẹ̀. Obìnrin oníkílò 60 á kọjá ibẹ̀, torí omi ara obìnrin kéré sí ti ọkùnrin. Ọlọ́kadà, awakọ̀, ẹni tó ń ti ẹ̀rọ: kò sí "díẹ̀ ò ṣe nǹkan" níbẹ̀.

Ọtí ọ̀sán kì í sábà gbé èèyàn ṣubú. Ètò ló ń dà rú. Ẹ wo aláró ní Ìtòkú: sódà aró (kọ́sítíìkì) ni wọ́n ń rọra dà sínú omi, a kì í da omi sórí sódà, torí gbígbóná ni yóò hó, tí yóò sì ta sójú. Ẹni tí bíà kan wà lára rẹ̀ mọ òfin yìí dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ kàn lè tò ó sódì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni télọ̀ tó gé léèsì oníbàárà ní ínṣì kan sínú, àti akápò tó ka owó lẹ́ẹ̀mejì tó sì rí iye méjì.

Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó fẹnu kan ife. Láfún àti ẹ̀fọ́ á dá ọtí dúró nínú ikùn, kò ní tètè ya wọ ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ wọn ò pa á. Kọfí ò pa á, orógbó ò pa á, omi tútù lórí ò pa á. Tom Tom kàn ń fi èèyàn ṣeré ni, torí òórùn ọtí náà ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró, kì í ṣe ẹnu nìkan. Láfún, oòrùn Abẹ́òkúta àti bíà láago méjì? Oorun ni wọ́n jọ ń pè.

Ní ti òfin, ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ka ìmutípara mọ́ ìwà àìtọ́. Ẹni tó wà níléeṣẹ́ aládàáni, kó tún lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ kà. Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà tilẹ̀ ka à léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ sanwó òṣìṣẹ́ nílé ọtí, àfi tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Bó bá jẹ́ ìwé lásán lẹ máa padà sí, tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ mu, ìgò kékeré 33cl kan lẹ́yìn oúnjẹ, omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má sì fọwọ́ sí nǹkan kan fún wákàtí méjì. Ẹni tó ń lo Flagyl tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kó yọ ọwọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó kù ni kíkọ̀ ọ́. Ẹ tètè béèrè fún máàtì kí olówó tábìlì tó pàṣẹ. Ẹ má purọ́ àìsàn, lọ́la ni wọ́n máa bi yín pé ṣé ara ti le. "Mo ṣì máa wakọ̀, sà" ti tó. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló bu ún fún yín, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ síwájú yín. Ẹ má mu ún dín. Ife tó kún, kò sẹ́ni tó máa bu kún un.