Ìyá Kétu l'áàfin Toffa

Àjàṣẹ́ Ilé ni mo ń wí o, èyí tí wọ́n ń kọ Porto-Novo sára pátákó. Ẹ má fi ṣe Àjàṣẹ́ Ìpo. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé níbẹ̀, mi ò wọ ààfin Honmè rí, àfi Sátidé tó kọjá tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ìyá Kétu, wá kí mi, tó ní òun ò wá jókòó wo tẹlifíṣọ̀n.

Ààfin ọ̀hún ò ga. Ògiri alámọ̀ pupa ni, àgbàlá kan á gbà ọ́ sí òmíràn, ẹnu ọ̀nà sì kúrú débi pé kò sí bí o ò ṣe ní tẹrí ba. Orúnkún ń dun Ìyá, ó fi ọwọ́ ti èjìká mi. Ó ní, "Wọ́n gbọ́n. Ẹni tí ò bá fẹ́ kí ọba, ẹnu ọ̀nà á bá a kí i."

Faransé ni ẹni tó mú wa kiri ń sọ, èmi ń túmọ̀. Nígbà tó yá, ó ní Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ ibẹ̀, ni ìyá òun. Bó ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Toffa jọba Àjàṣẹ́ láti 1874 títí tó fi kú ní 1908. Ní 1883 ló sá sábẹ́ ààbò Faransé nítorí ìjọba Dàhọ̀mì. Faransé bá a ṣẹ́gun lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó wàjà, wọn ò jẹ́ kí wọ́n pe arọ́pò rẹ̀ lọ́ba mọ́. Olóyè àgbà lásán ni wọ́n fi í ṣe. Èmi ti fẹ́ máa bínú sí Toffa, pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ ta ilé. Ìyá wò mí. Ní 1886, Dàhọ̀mì dáná sun Kétu, ìlú Ìyá, wọ́n kó èèyàn ibẹ̀ lẹ́rú. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì tán ni àwọn tó kù tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Ó ní, "Wọn ò sun ilé tìẹ. Fi ọba sílẹ̀."

Mo dákẹ́.

A gun zémìjàn, ọ̀kadà ibẹ̀, lọ sí Jardin des Plantes. Igbó ọba ni tẹ́lẹ̀, kí Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà tí wọ́n fi ń dán irúgbìn wò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ìlú ń pariwo lẹ́yìn ògiri bíi pé kò kàn wá. Ká sòótọ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀ fẹ́ àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ìrókò kan wà tí mọ́tò lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó ní, "Olúwéré, mo júbà." Ewé gbígbẹ kan já bọ́ sórí gèlè rẹ̀, kò gbọn ọ́n dànù.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà dé, ó ní ilẹ̀ ń ṣú, ká máa jáde. Ìyá ò tilẹ̀ yíjú. Ó ní kó dúró, òun ò tíì kí i tán.