Pákó Ìpápánu Kérésìmesì: Lọ́ńdọ̀nù àti Àgbádárìgì

Lọ́dún Kérésìmesì, oúnjẹ kì í jókòó sílé ní Àgbádárìgì. Bí ìrẹsì bá ti jinná báyìí, àwọn ọmọ á ti máa gbé abọ́ oníbòrí kiri: ti ìyá arúgbó ojúlé kejì, ti Àlájà ẹ̀yìnkùlé, ti ìdílé Ègùn tí baálé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí omi dé. Abọ́ kì í sì í padà lófìfo. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo ń gbé báyìí, ẹni tí a pè nìkan ló ń bọ̀, abọ́ kálukú sì wà níwájú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn pákó ìpápánu, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí àwọn ará ibí máa ń to oríṣiríṣi ìpápánu sí fún àlejò. Nídìí pákó yẹn, kò sí pé tèmi nìyí, tìrẹ nìyẹn. Gbogbo ọwọ́ ló ń pàdé níbẹ̀, àwọn tí kò mọ ara wọn rí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Àlejò Lọ́ńdọ̀nù kì í pẹ́. Bí ẹ bá ní aago mẹ́ta, aago mẹ́ta ni yóò tẹ bẹ́ẹ̀lì, tòlótòló sì lè má tíì kúrò nínú ófùnù. Pákó yìí ni a fi ń dá a dúró. Nílé wa, ẹni tó bá wọlé, ìrẹsì ló kàn, ì báà jẹ́ aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ìpápánu dá a dúró.

Pákó roboto ni mo máa ń lò. Màá gbé abọ́ jáàmù kékeré kan sí àárín, màá sì fi ẹ̀ka rosemary, ewé olóòórùn dídùn kan, yí etí rẹ̀ ká. Ṣíìsì, ìyẹn wàrà òyìnbó, ló kọ́kọ́ ń gba àyè: Cheddar tí mo gé ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, Brie tó rọ̀, àti Stilton tó ní ìlà búlúù lára, èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà ibí kì í ṣe Kérésìmesì láìsí i. Èso àjàrà pupa, tòmátì wẹ́wẹ́ àti bísíkíìtì oníyọ̀ ló máa dí àlàfo. Ó yẹ kí ṣíìsì ti kúrò nínú fíríìjì ní bíi wákàtí kan ṣáájú, torí pé bó bá tutù nini, adùn rẹ̀ kì í jáde. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pẹ́ jù. Ìlànà tí wọ́n fún àwọn tó ń ta oúnjẹ níbí ni pé ohun tútù kò gbọdọ̀ ju wákàtí 4 lọ níta, èmi náà sì ń tẹ̀ lé e nílé.

Ìdajì pákó tó kù, ti Àgbádárìgì ni: ìpékeré, róbó, baba dúdú, àti gúrúdì tí wọ́n fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ àti àgbọn ṣe. Àgbọn yíyan ni mo máa ń fara balẹ̀ ṣe jù. Màá fọ́ ọ, màá gbé èèpo rẹ̀ lé iná títí yóò fi máa ta pàù-pàù, nígbà yẹn ni àgbọn yóò ṣí kúrò lára èèpo. Màá wá bó awọ rẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú, màá gé e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, màá fi iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ pò ó, kí n tó tò ó sínú ófùnù tí iná rẹ̀ kò le. Ẹ dúró tì í o! Kì í pẹ́ tó fi ń kúrò ní funfun bọ́ sí pupa, kò sì ní pẹ́ di dúdú. Àgbọn Lọ́ńdọ̀nù kò lómi nínú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti mu èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já létí òkun lọ́dọ̀ wa á mọ ohun tí mò ń sọ.

Níbí, ẹ gbọ́dọ̀ bi àlejò léèrè ohun tí kì í jẹ ṣáájú. Ẹ̀pà lè pa ẹlòmíì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nítorí náà, ẹ̀pà sísun àti kúlíkúlí kì í dé orí pákó mi. Abọ́ wọn wà lọ́tọ̀ lórí tábìlì míì, mo sì máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn náà lọ́tọ̀ ni. Nílé, ẹnikẹ́ni kì í béèrè, torí a ti mọ ara wa. Àgbádárìgì ni àwọn míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti ṣe Kérésìmesì ọdún 1842, ṣùgbọ́n ìlú tí Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ jọ ń gbé ni. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ mọ abọ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ dé.

Ohun mìíràn ni ọjà. Òfin ọdún 2004 kan kò jẹ́ kí àwọn ilé ìtajà ńlá ṣí lọ́jọ́ Kérésìmesì níbí, bẹ́ẹ̀ sì ni bọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹ kò bá rà títí alẹ́ ọjọ́ 24, ẹ gbà pé kò sí i. Nílé, ọmọ kan á sáré dé ọ̀dọ̀ máláàmù tó ń tajà ládùúgbò, ó parí.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin rí àwòrán pákó mi, ó ní òun náà fẹ́ tò ó ní Àgbádárìgì. Ṣíìsì wọ́n, ooru oṣù Kejìlá kò sì ní jẹ́ kó dúró. Mo ní kó lo wàrà. Tíréè ló tò ó sí: wàrà díndín, àgbọn tútù, gúrúdì tó rà lọ́jà Àgbálátà, tòmátì àti ewé ẹ̀fìnrín létí rẹ̀. Ó rẹwà ju tèmi lọ, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni wàrà ti wọ orí pákó tèmi náà. Ewé bọmubọmu ni àwọn Fúlàní fi ń mú mílíìkì dì; ẹni tí kò bá rí i níbí, kó lo omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ gbé lítà 2 mílíìkì tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀ kaná títí yóò fi fẹ́ hó, ẹ da omi ọsàn bíi ṣíbí ńlá 4 sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ sì máa rò ó jẹ́jẹ́. Bó bá ti dì, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e mọ́jú. Ẹ gé e, ẹ dín in, ẹ fi iyọ̀ àti ata gígún wọ́n ọn. Gbígbóná ló ti ń dùn jù, nítorí náà ẹ má gbé e sórí pákó títí bẹ́ẹ̀lì yóò fi dún.