Gẹ̀ẹ́sì Létí Kúdẹtì

Ọjọ́bọ̀, Oṣù Òkúdu

"Used to" ni skíìmù, ìwé ètò ẹ̀kọ́ wa, ní kí n kọ́ àwọn ọmọ Kíláàsì Karùn-ún lọ́sẹ̀ yìí. Ìwé kíkà wa ní àpẹẹrẹ tirẹ̀: ọkùnrin kan ń gbé ìlú tó tutù, ọkọ̀ ojú irin ló máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ní báyìí ó ti ra mọ́tò. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọmọ á da gbólóhùn ọkùnrin yẹn kọ, á gba máàkì, tó bá di ọjọ́ kejì kò ní lè fi "used to" sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ilé baba rẹ̀. Nítorí náà, mo pa ìwé náà dé lánàá. Mo ní kí oníkálukú lọ bi ẹni tó dàgbà jù nílé wọn léèrè bí odò Kúdẹtì, tó ń ṣàn lẹ́yìn kíláàsì wa n'Ìbàdàn, ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Kí wọ́n bi wọ́n ní Yorùbá, kí wọ́n gbọ́ ọ ní Yorùbá, kí wọ́n má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ di tòní.

Mi ò tíì pe orúkọ ẹnì kan láàárọ̀ tí ọwọ́ ti ń nà sókè. Ìyá àgbà ẹnì kan máa ń fọṣọ níbẹ̀. Bàbá àgbà ẹnì kan máa ń fi ìwọ̀ pẹja àrọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n bá ti jáde ilé-ìwé. Ẹnì kan ní akàn máa ń wà lábẹ́ òkúta, pé àwọn ọmọdé á ṣí òkúta wò, wọ́n á sì sá. Ọmọbìnrin kan wá ní omi rẹ̀ mọ́ débi pé wọ́n ń pọn ọ́n sínú àmù mu. Kíláàsì pariwo. Wọn ò gbà á gbọ́, torí Kúdẹtì tí wọ́n mọ̀, omi dúdú ni, ọ̀rá ló bo etí rẹ̀, tí oòrùn bá sì mú, òórùn rẹ̀ a máa bá wa nínú kíláàsì. Ọmọ náà kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó dìde dúró, ó ní: "My grandmother used to drink it. She is not lying."

Ọmọ tí kì í la ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn láti táàmù kìíní. Èmi kọ́ ni mo fún un ní gbólóhùn kejì yẹn, ìwé kankan ò sì fún un. Kíláàsì fẹ́ pe ìyá àgbà rẹ̀ ní òpùrọ́, ó ní láti gbèjà wọn, Gẹ̀ẹ́sì la sì ń sọ lásìkò náà.

Mo ti ń rò ó láti ìrọ̀lẹ́. Ohun tí à ń pè ní àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lára àwọn ọmọ yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé a ò fún wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi í sọ. A ń fún wọn ní ọ̀rọ̀ yìnyín tó bo ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, a wá ń bínú pé wọ́n dákẹ́. Odò tó ń ṣàn lẹ́yìn ògiri kíláàsì, wọ́n mọ̀ ọ́n ju èmi tí mò ń kọ́ wọn lọ. Wọ́n mọ ibi tó máa ń kún dé, wọ́n mọ ẹni tó ń da pàǹtí sí i lóru, wọ́n mọ irú òjò tó máa rọ̀ tí ọ̀nà ilé-ìwé ò fi ní ṣeé gbà. Létí odò yìí kan náà ni David àti Anna Hinderer fìdí kalẹ̀ sí nígbà tí wọ́n wá wàásù n'Ìbàdàn láàárín àwọn ọdún 1850. Ọgbà wọn ní Kúdẹtì wà lára ibi tí ọmọ Ìbàdàn ti kọ́kọ́ mọ ìwé. Ó ti lé ní 150 ọdún tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé níwèé létí omi yìí, omi náà fúnra rẹ̀ kò sì tíì wọ inú ẹ̀kọ́.

Ọmọkùnrin kan ló mú wa kúrò lórí ẹja àti akàn. Ó ní: "My grandfather used to have a shop at Ogunpa." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sí mọ́. Ó ní omi gbé e lọ, pé bàbá àgbà òun máa ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì kalẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ní 31 Oṣù Ògún 1980, òjò rọ̀ n'Ìbàdàn débi pé odò Ògùnpa kún bo ilé àti ọjà, ẹ̀mí tó sì bá a lọ lé ní 200. Mo ní kì í ṣe ìgbà yẹn ló parí: ní 26 Oṣù Ògún 2011, omi tún yalé n'Ìbàdàn, ó wó afárá, ó ya wọ inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tó kú lé ní 100. Ti 2011 yìí, àwọn òbí tó bí wọn lọ́mọ fojú rí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì gbọ́ ọ rí.

Ẹnì kan béèrè pé, "Àǹtí, kí ló fà á?" Inú mi dùn sí ìbéèrè náà, torí "because" àti "so" ló kù tí mo fẹ́ kọ́ wọn. Òjò ńlá ni, òótọ́ ni. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi wà níbẹ̀. Pàǹtí tó dí abẹ́ afárá wà níbẹ̀. Igi tí wọ́n gé kúrò létí odò ńkọ́, àti ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò tí omi òjò ò fi rí ibi rì sí? Mo kọ "It flooded because" sójú pátákó, mo ní kí kálukú fi tirẹ̀ parí rẹ̀. Àwọn kan kọ ọ́ pé Ọlọ́run ló ń bínú. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo rán wọn létí ohun tí wọ́n máa ń gbọ́ lẹ́nu àgbà, pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Mo ní ta wá ni onílé nínú ọ̀rọ̀ Kúdẹtì, kí ló sì lè ṣe tí kò fi ní gbà? Gbólóhùn tó dùn mọ́ mi jù lónìí jáde níbẹ̀, látẹnu ọmọ tó kéré jù nínú kíláàsì: "The owner did not clean the gutter, so the water entered his room."

Àwọn kan á ní kí ni odò ń wá nínú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣebí sáyẹ́ǹsì wà. Ní 1977, UNESCO àti UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tó wà fún ẹ̀kọ́ àti èyí tó wà fún àyíká, pe àwọn ìjọba àgbáyé jọ sí Tbilisi nílẹ̀ Georgia lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àyíká. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí ẹ̀kọ́ náà gba inú onírúurú iṣẹ́ kọjá, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́léósinmi. Mo gbà bẹ́ẹ̀ gan-an. Sáyẹ́ǹsì á sọ fún ọmọ ohun tó ń ba omi jẹ́. Ta ló máa kọ́ ọ bí a ṣe ń bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, bí a ṣe ń to ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra wọn, bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba nílẹ̀ wa. Ọmọ tí kò bá lè kọ ohun tó yè kooro nípa gọ́tà iwájú ilé rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa gbẹnu sọ fún un.

Ṣùgbọ́n Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣáájú, mi ò sì ní yẹ̀ kúrò lórí èyí. Láti 1970 títí di 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní gbogbo nǹkan yọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ṣì pọ̀ láàárín ìlú. Ó máa ń dùn mí. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo ní kí àwọn ọmọ yìí fi bi àgbà ilé wọn léèrè, ọ̀rọ̀ àmù àti akàn ì bá má dé ọ̀dọ̀ wa.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù lónìí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn bíréèkì. Mo fẹ́ kọ́ wọn ní irú gbólóhùn tí kì í dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan, èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn fẹ́ràn. Mo kọ ọ́: "Refuse is thrown into the stream." Wọ́n kà á, wọ́n dà á kọ. Mo ní ta ló dà á síbẹ̀? Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wá rọra sọ pé, "Àǹtí, màámi ni."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo dá wọn lẹ́kun kíá. Mo ní ta ló lè sọ ìdí tí àgbàlagbà fi máa dúró de òjò lóru kí ó tó gbé pàǹtí jáde. Ọwọ́ nà láti ibi gbogbo. Ọkọ̀ akólẹ̀-kódọ̀tí kì í wọ àdúgbò wọn, ọ̀nà ti bàjẹ́. Àwọn tó ń fi ọmọlanke kó o ń gba owó, owó náà kì í sì í sí nílé nígbà gbogbo. Ibi tí wọ́n gbé àpótí ìdọ̀tí ńlá sí jìnnà, ó sì máa ń kún fọ́fọ́. Ọmọbìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó kẹ́yìn, kò sì dorí kodò mọ́.

Mi ò fẹ́ ẹ̀kọ́ àyíká tó máa rán ọmọ lọ sílé láti lọ dójú ti ìyá rẹ̀. "Keep your environment clean" wà lára ògiri ilé-ìwé káàkiri, àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n bí orin. Láti ìgbà ìjọba Buhari àti Idiagbon láàárín àwọn ọdún 1980 la ti ń jáde gbálẹ̀ ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Àṣẹ ni gbogbo rẹ̀. Àṣẹ kì í béèrè ibi tí ìyá máa da ilẹ̀ sí tí a bá ti gbá a tán. "Because" ń béèrè. Mo ní kí wọ́n padà sí gbólóhùn pátákó yẹn, kí wọ́n fi olùṣe sí i, kí wọ́n fi ìdí sí i. Ohun tí ọmọ náà kọ nìyí: "My mother throws refuse into the stream because the truck does not come to our street." Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo fún un ní máàkì tó pé.

Kí n má gbàgbé ti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. "How many" àti "how much" la ṣe. Àwọn ọmọ jáde lọ sí pápá, wọ́n ka ọ̀rá omi tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn bíréèkì, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rá ṣeé kà, ìdọ̀tí inú gọ́tà ò ṣeé kà, ìyàtọ̀ náà yé wọn láìjẹ́ pé mo tún ún ṣàlàyé. Wọ́n fọ díẹ̀ nínú àwọn ọ̀rá náà, a dá ihò sí ìdí wọn, a bu iyẹ̀pẹ̀ sí wọn, a gbin kóró agbálùmọ̀. Bí a ṣe ṣe é ni wọ́n wá kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kí àwọn Kíláàsì Kẹrin lè kà á kí wọ́n sì ṣe tiwọn. Àṣẹ náà nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ọ̀gá àgbà wa yà sí kíláàsì kí a tó ṣíwọ́. Wọ́n ní, "Àǹtí, ìdánwò ń bọ̀ o." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, inú skíìmù la wà," mo sì na ìwé ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ mu omi Kúdẹtì sí wọn. Wọ́n kà á lórí ìdúró, wọ́n ṣí ojú ewé kejì. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n lẹ́tà èyíkéyìí tó bá fẹ́ jáde nílé-ìwé gbọ́dọ̀ gba orí tábìlì àwọn kọjá.

Lẹ́tà yẹn ni iṣẹ́ ọ̀la. Ìjọba ìbílẹ̀ la máa kọ ọ́ sí. Ẹnì kan fẹ́ kí a béèrè afárá tuntun, ẹnì kan fẹ́ kí wọ́n bo gọ́tà iwájú géètì, àwọn kan ní kí wọ́n mú àwọn tó ń da pàǹtí. Mo ní lẹ́tà kan, ẹ̀bẹ̀ kan, torí ẹni tó bá ka ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin lójú ewé kan kò ní dáhùn ọ̀kan. Wọ́n dìbò. Àpótí ìdọ̀tí ńlá tí wọ́n máa gbé sí orí ọ̀nà wa, tí wọ́n á sì máa kó dànù déédéé, ló wọlé. Ọmọ kan tó ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì ló ní kí a fi "regularly" kún un, torí àpótí tí wọn ò kó á tún padà di ààtàn. Mi ò tíì kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní orí rédíò lòun ti gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, "if" àti "will" ló kàn. Mo fẹ́ kó wọn lọ sí etí odò náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n dúró lókè, kí wọ́n wo ibi tí omi ti ń dí kí wọ́n tó kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí òjò Oṣù Agẹmọ bá dé. Ọ̀gá àgbà ní láìsí ìwé ìyọ̀ǹda òbí, ẹsẹ̀ ọmọ kankan ò ní kọjá géètì. Mo ti kọ ọ́ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì sójú ewé kan náà. Mo máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la kí àwọn ọmọ tó dé.