Láti Òṣogbo dé Àbújá: Nígbà Tí Ìkìlọ̀ Òfegè Bá Dún Níwájú Bàálù

Títí di ìgbà tí pápákọ̀ Ìdó-Ọ̀ṣun yóò máa gbé èrò, orí títì ni ìrìnàjò bàálù ará Òṣogbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lọ Àbújá á kúrò ní Ọláìyá, á gba Ògo-Olúwa jáde, á já sí Àkódà, Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Aṣéjìrẹ́ kó tó kan Ẹgbẹ́dá. Alákìá, níbi tí pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn wà, kò jìnnà sí títì Ifẹ̀ yìí kan náà, nítorí náà kò sídìí láti wọ àárín ìlú Ìbàdàn. Ẹ tètè kúrò nílé o, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù lè dí ọ̀nà yẹn pa, bàálù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ń gba ọ̀nà yìí, àgàgà àwọn tó ń wálé lóṣù kẹjọ fún ọdún Ọ̀ṣun, máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀ nípa iṣẹ́ bàálù. Wọ́n á ní ojú ọ̀run mọ́ kedere, bàálù ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, àfi bó ṣe ṣàdédé gbé imú sókè, tí ara àwọn wúwo díẹ̀ lórí àga. Kò pẹ́ tó tún fi padà síbi tó wà. Kí ló dé? Nǹkan tó lè fà á pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni ìkìlọ̀ pé bàálù mìíràn ń bọ̀. Nígbà mìíràn sì rèé, kò sí bàálù kankan níbẹ̀.

Kí bàálù tó kúrò lójú kan ní Alákìá, àwọn awakọ̀ ti dán ẹ̀rọ tó ń jẹ́ TCAS wò. Òun ló ń ṣọ́ kí bàálù méjì má forí gbárí lókè. Òfin àgbáyé ní kí gbogbo bàálù akérò tí ìwọ̀n rẹ̀ ju 5,700 kg lọ, tàbí tó lè gbé ju èrò 19 lọ, ní in. Awakọ̀ á tẹ bọ́tìnnì, àwọn àmì á hàn lójú ẹ̀rọ, ohùn kan á sì sọ pé ara ẹ̀rọ náà dá. Bí wọ́n bá ti fẹ́ wọ ojú ọ̀nà ìgbéra ni wọ́n á yí i sí TA/RA, ìyẹn ipò tó ti lè fún wọn ní ìkìlọ̀ (TA) àti àṣẹ (RA).

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa dáadáa lórí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. TCAS kò lójú. Ìbéèrè ló ń ju síta lórí 1030 MHz; transponder tó wà lára bàálù mìíràn á dá a lóhùn lórí 1090 MHz, á sì sọ gíga tó wà. Àkókò tí ìdáhùn fi dé ló fi ń mọ bí ẹni náà ṣe jìnnà tó, eríà tó wà lórí bàálù ló sì ń sọ ìhà tó wà. Lẹ́yìn náà ló máa ṣírò iye ìṣẹ́jú àáyá tó kù kí àwọn méjèèjì tó pàdé. Ohunkóhun tó bá dáhùn bí bàálù, bàálù ni lójú TCAS.

Láti Ìbàdàn sí Àbújá, àárín àríwá àti ìlà oòrùn ni imú bàálù ń kọ sí. Gẹ́gẹ́ bí òfin, irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ máa ń lo gíga bíi 27,000 tàbí 29,000 ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn tó ń bọ̀ láti òdìkejì á lo 28,000. 1,000 ẹsẹ̀ bàtà péré ló wà láàárín wọn. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tó mọṣẹ́ fi máa ń dín eré ìgòkè rẹ̀ kù sí 1,500 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan tàbí kó kéré sí i, bó bá ti ku 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kó dé gíga tó ń lọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, TCAS ti bàálù tó wà lókè rẹ̀ á rò pé kò ní dúró, á sì pariwo. Ìkìlọ̀ yẹn kì í ṣe òfegè, bàálù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kó wáyé rárá.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú. Lójú ẹ̀rọ, bàálù tí kò ní wàhálà jẹ́ àmì kékeré onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó. Bó bá sún mọ́ jù, á di róbótó aláwọ̀ ìyeyè, ohùn á sì ní "Traffic, traffic." TA nìyẹn; ó máa ń dún nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 48. Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ yí bàálù padà. Á wo ìta, á gbé ọwọ́ lé ohun ìwakọ̀, á múra sílẹ̀. Bí ewu náà kò bá kúrò, nígbà tó bá ku nǹkan bíi 15 sí 35, róbótó náà á di pupa onígun mẹ́rin. Ká ní "+00" ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gíga kan náà ni wọ́n wà. Ohùn á ní "Climb, climb." RA nìyẹn, àṣẹ ni.

Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni awakọ̀ ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Lórí ọ̀pọ̀ bàálù, á pa ótópáílọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tó ń bá a wa bàálù, á gbé imú bàálù kúrò níbi pupa lọ sí ibi àwọ̀ ewé tí ẹ̀rọ fi hàn án. Lórí àwọn Airbus bíi A350 àti A380, ótópáílọ́ọ̀tì lè ṣe é fúnra rẹ̀. 1,500 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan ni ìgòkè náà sábà máa ń jẹ́, ìyẹn 500 ní ìṣẹ́jú àáyá 20. Kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá fa imú bàálù sókè jù lè bọ́ sọ́nà bàálù mìíràn. Bí ohùn bá yí àṣẹ padà, ààyè tí awakọ̀ ní á dín sí ìṣẹ́jú àáyá méjì àtààbọ̀. Awakọ̀ kejì á sọ fún kọntirólà, ẹni tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, lórí rédíò pé "TCAS RA," kọntirólà á sì dẹ́kun láti máa darí bàálù náà títí awakọ̀ á fi sọ pé ó ti parí. Bí ìkìlọ̀ ilẹ̀, "Pull up," bá dún pa pọ̀ mọ́ ọn, ti ilẹ̀ ló ṣáájú.

Ṣé kò yẹ kí awakọ̀ kọ́kọ́ wádìí bóyá òfegè ni? Kò yẹ. Kò sí ohun tó lè fi mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bó bá tilẹ̀ rí bàálù kan níta, ó lè jẹ́ pé òmíràn ni TCAS ń sọ. Bí òfegè bá ni, ohun tí ìgbọràn máa ná a kò ju epo díẹ̀ àti àyà èrò tó já. Ní July 1, 2002, lókè Überlingen ní Jámánì, TCAS ní kí Tupolev kan gòkè, kọntirólà ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọntirólà ni awakọ̀ Tupolev tẹ̀ lé. TCAS bàálù kejì, Boeing 757, ti ní kí ìyẹn náà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì ti jọ fohùn ṣọ̀kan, bí ìgbà tí ẹni méjì bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró tí wọ́n sì ti bá ara wọn sọ ẹni tó máa yà sọ́tùn-ún. Ẹni tó bá yí i padà lójijì á kọlu èkejì ni. Èèyàn 71 ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin àgbáyé ti là á mọ́lẹ̀ pé RA ló ga ju ọ̀rọ̀ kọntirólà lọ, àyàfi bí ìgbọràn fúnra rẹ̀ bá máa fa ewu.

Nínú ohun tó ń bí bàálù òfegè, èyí tó ń dùn wá jù ni ti ilẹ̀, torí ó ṣeé yẹra fún. Ẹnjiníà ń tún bàálù kan ṣe ní háńgà. Ó so ẹ̀rọ mọ́ ihò tí bàálù fi ń mọ gíga, ó fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ títí bàálù fi gbà pé òun wà lókè, transponder sì wà ní títàn. Bàálù tó ń kọjá nítòsí lókè lè gbọ́ ẹni tó ń kéde gíga kan náà pẹ̀lú tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dènà rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ìbòrí tó ń gbé ìgbì rédíò mì bo eríà transponder, kí wọ́n má sì tan án àfi nígbà tí iṣẹ́ bá nílò rẹ̀. Wáyà kan tó já nínú ẹ̀rọ gíga náà lè mú kí bàálù tòótọ́ máa kéde gíga tí kì í ṣe tirẹ̀. Bákan náà, bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ transponder bàálù kan sódì, TCAS rẹ̀ lè máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ń bá a rìn.

Ti Washington ní March 1, 2025 tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ bàálù tó fẹ́ balẹ̀ sí pápákọ̀ Reagan National gba RA níbi tí kò sí bàálù kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà pé àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà àti Secret Service, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ, ń dán ẹ̀rọ tó ń lé dróònù wò, lórí ìgbì tó kan ti TCAS. Àwọn kan lára awakọ̀ wọ̀nyẹn pa bíbalẹ̀ tì, wọ́n gbéra padà. Nígbà náà, kò tíì pé oṣù méjì tí bàálù àti hẹlikópítà kọlu ara wọn nítòsí ibẹ̀, tí èèyàn 67 kú. TA dún fún àwọn awakọ̀ bàálù yẹn, ṣùgbọ́n RA kì í ṣiṣẹ́ bí bàálù bá ti wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ilẹ̀. Nísàlẹ̀ nǹkan bíi 500, TCAS kì í fọhùn mọ́.

Bí ohùn bá ti ní "Clear of conflict," bàálù á padà sí gíga rẹ̀, awakọ̀ á sọ ọ́ fún kọntirólà. Kò gbọ́dọ̀ pa TCAS nítorí pé ó fura sí i. Ní Àbújá, á kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ bàálù: àkókò, gíga, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí ohùn sọ, àti bóyá kọntirólà rí ẹnikẹ́ni lórí rédà. Àwọn ẹnjiníà á ka ohun tí kọ̀ǹpútà TCAS tọ́jú, wọ́n á yẹ nọ́ńbà transponder àti eríà wò. Bí ara bàálù bá dá, ìròyìn náà á lọ sọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń mójú tó òfin ìrìnàjò bàálù ní Nàìjíríà, àti NAMA, àjọ tó ń darí bàálù lójú ọ̀run, kí wọ́n lè wá ohun tó ń dáhùn láti ilẹ̀ lábẹ́ ibi tí ìkìlọ̀ náà ti dún.