Ẹ̀kọ́ tí lẹ́tà ìwáṣẹ́ kọ́ mi nípa tense Gẹ̀ẹ́sì

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Ẹni tó fẹ́ tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́, ẹni tó fẹ́ ṣe CV, ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ fún ní query tó sì gbọ́dọ̀ fèsì kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló kàwé dáadáa. Síbẹ̀, ohun tó ń kó wọn sí wàhálà jù ni tense, ìyẹn bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Sípẹ́lì sàn, kọ̀ǹpútà á fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀. Ti tense, gbólóhùn lè mọ́ tónítóní, kọ̀ǹpútà ò ní wí nǹkan kan, kó sì jẹ́ pé irọ́ ló ń pa mọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé lẹ́tà wá tó fọwọ́ kọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "I have worked as a baker since 2016." Mo bi í pé:

"Àbúrò, ṣé o ṣì wà níbi búrẹ́dì yẹn?"

"Rárá o, bọ̀dá. Mo ti kúrò ńbẹ̀ lọ́dún 2021."

"Ohun tí o kọ yìí ń sọ pé o ṣì wà ńbẹ̀ títí di àárọ̀ yìí."

"Ẹ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, bọ̀dá. Wọ́n á mọ ohun tí mò ń sọ."

Wọn ò ní mọ̀. Ẹni tó ń ka lẹ́tà ò mọ̀ ọ́n rí, ohun tó wà lórí ìwé nìkan ló ń wò. Tó bá wá ka CV tó rí i pé ibòmíì lọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ láti 2022, á ní ọmọ yìí ò ṣòótọ́. A yí i sí "I worked as a baker from 2016 to 2021", ọ̀rọ̀ parí.

Kì í ṣe pé ọmọ náà ò mọ̀wé. Yorùbá ló ń rò lọ́kàn: "Mo ti ṣiṣẹ́ búrẹ́dì rí." Ó rí "ti", ó fi "have" rọ́pò ẹ̀. Àwọn méjèèjì jọra lóòótọ́, àmọ́ "ti" tiwa kì í bínú sí ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ẹ ní "mo ti rí i lánàá", kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. "Have" ò gbà bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ìgbà tó ti kọjá tó sì ti parí, bíi "yesterday", "last week", "in 2021", "when I was small", "have" gbọ́dọ̀ kúrò ńbẹ̀: "I saw him yesterday." Tẹ́ ẹ ò bá dárúkọ ìgbà, tàbí tí nǹkan ọ̀hún ṣì ń bá a lọ, ìgbà yẹn ló tó wọlé: "I have seen him", "I have lived in Ibadan since 2010." Ẹ má sì jẹ́ kí fíìmù dà yín láàmú. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sọ "I already ate" níbi tí ará Ìlú Ọba á ti sọ "I've already eaten". Kò séyìí tó burú níbẹ̀, àmọ́ ti Ìlú Ọba ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé.

Ohun tí mo wá ń ṣe fáwọn oníbàárà mi nìyí. N kì í béèrè past participle lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo máa ń ní kí wọ́n sọ gbólóhùn náà fún mi ní Yorùbá, ká wá wo ọ̀rọ̀ kékeré tó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í yí padà. "Lọ" ni "lọ" lánàá, òun náà ni lọ́la. "Ń", "ti", "máa ń", "máa", "bá" ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tó ṣe Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdírì á rántí atẹ́rẹrẹ ("ń"), baraku ("máa ń") àti aṣetán ("ti"). A há wọn sórí láti fi yege ìdánwò, a ò mọ̀ pé àwọn gan-an la bá fi mú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká mú baraku. "Mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ọjọ́ Sunday." Nígbà tí ọ̀pọ̀ wa bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ń jáde ni "I use to go to church every Sunday." Bí wọ́n ṣe ń pe "use to" àti "used to" kò yàtọ̀ létí, ẹni tó ń kà á á sì gbà pé ẹ ti ṣíwọ́. Tí pásítọ̀ yín bá rí i, á ní ẹ ti padà sẹ́yìn. "I go to church every Sunday" ti tó. Mo mọ̀ pé ó dà bíi pé nǹkan kan ṣẹ́ kù níbẹ̀, nítorí pé "máa ń" tiwa ò rí ẹni rọ́pò ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò fi nǹkan kan síbẹ̀ ni, "every Sunday" ló ń ru ẹrù náà.

Ti "ń" náà ní ọgbọ́n tiẹ̀. Lórí fóònù, "mò ń gbọ́ yín, mà" ti di "I am hearing you, ma." Àwọn tó ni èdè á sọ pé "I can hear you." Know, want, hear, own, belong, believe, wọn kì í sábà gba "-ing". Ẹ má bínú sí wọn, torí irú wọn wà lọ́dọ̀ wa. Ta ló ń sọ pé "mò ń mọ̀ ọ́n"? "Mo mọ̀ ọ́n" la máa ń wí, òní la sì ní lọ́kàn. Àmọ́ ẹ ní "mo nà án", ó ti di àná nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìrísí kan náà ni wọ́n ní. Ìdí nìyẹn tí gírámà Yorùbá fi pe àsìkò yìí ní afànámónìí.

Afànámónìí yìí ló ń ba àròkọ jẹ́ jù. Ní Yorùbá, tí mo bá ti ní "lọ́sẹ̀ tó kọjá", gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó kù ti mọ ibi tí wọ́n wà. Mi ò tún ní láti fi nǹkan kan dá wọn mọ̀. Nítorí náà lọmọ ìwé ṣe ń kọ "Last week my uncle came to our house and he say he want to see my father." "Came" bọ́ sí i, àwọn yòókù gbàgbé. Bí aṣọ ẹbí ni ti Gẹ̀ẹ́sì rí: ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì yẹn gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kì í ṣe ìyàwó nìkan. Came, said, wanted. Àyàfi "to see", torí "to" kì í jẹ́ kí èyí tó tẹ̀lé e yí padà. "Did" náà rí bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé àná dání fúnra ẹ̀, ìdí nìyẹn tí "I did not went" fi ń dun àwọn olùkọ́ dọ́kàn.

Ẹnu wa náà tún wà ńbẹ̀. Fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀rọ̀ Yorùbá, a kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bread fi di búrẹ́dì. Ìrù tó wà lẹ́yìn "asked" àti "worked", ahọ́n wa máa ń gbé e mì. Ohun tẹ́nu bá ti gbé mì, ọwọ́ ò ní rántí kọ ọ́. Ẹ pè é síta kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Nínú "worked", ohùn "t" ló ń jáde. Nínú "called", "d" ni. Lẹ́yìn t tàbí d nìkan ló ti máa ń di sílébù mìíràn, bíi "wanted" àti "needed". Ẹni tó ń pè é ní "wọ́kẹ̀ẹ̀dì" ti ṣe àṣejù, àmọ́ òun kì í gbàgbé àtikọ ọ́, kí n sòótọ́.

"Had" wá jẹ́ ìyọnu àwọn tí wọ́n fún ní query. Wọ́n rò pé ó ń mú ọ̀rọ̀ wúwo. Obìnrin kan kọ "I had submitted the report on Monday", ó sì fi àmì ìdánudúró sí i. Mo ní, "Ìyá mi, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Ó ní kò sí nǹkan kan. "Had" ń fẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ méjì, kí ọ̀kan ti parí kí èkejì tó dé. Yorùbá ní tiẹ̀ gan-an: "Kí ọlọ́pàá tó dé, olè ti sá lọ." "Before the police came, the thief had run away." Níbi tẹ́ ẹ bá ti rí "kí… tó… ti", ẹ lo "had". Tó bá jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo, "I submitted the report on Monday" ló dáa, ó tiẹ̀ tún fi hàn pé ẹ̀rù ò bà yín.

Ibì kan tí Yorùbá ti ń gbè wá ni "bá". "Tí mo bá dé, màá pè yín." "Màá" ò sí nínú apá àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni "will" ò gbọ́dọ̀ sí ńbẹ̀: "When I arrive, I will call you."

Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń yí padà láìtẹ̀lé òfin, mo fi wọ́n sẹ́yìn ni. Put, cut àti shut kì í yí rárá. "Read" kì í yí lójú ìwé, ohùn ẹ̀ ló ń yí. Nínú àwọn yòókù, ẹ kọ́kọ́ mú èyí tí iṣẹ́ yín ń lò. Oníṣòwò nílò bought, sold, paid, kept ju swam àti wove lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kó wá "since" kiri nínú ẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Níbi iṣẹ́ tó bá ti fi sílẹ̀, kó yọ ọ́, kó fi "from" àti "to" síbẹ̀ pẹ̀lú ọdún méjèèjì.