Géèmù gígùn kì í sú mi, àtipadà sí i ló le

Mo fẹ́ràn RPG gan-an ni, ìyẹn géèmù tí ènìyàn ti ń gba ipò ẹni inú ìtàn. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Kàbà mọ̀ pé tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, tí iná sì wà, ìdí tẹlifíṣọ̀n ni wọn yóò ti bá mi, páàdì lọ́wọ́. Géèmù bọ́ọ̀lù kò wù mí, ti ìbọn náà kò wù mí. Èyí tó ní ìtàn nínú ni tèmi: kí ọmọ abúlé kan tí kò mọ nǹkan kan jáde nílé, kó máa rìn láti ìlú dé ìlú, kó máa rí ọ̀rẹ́ lọ́nà, kí agbára rẹ̀ máa lé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kojú ẹni tó fẹ́ pa ayé run. Síbẹ̀, àwọn tí mo ti parí kò tó ìdajì àwọn tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó ń dùn mí, torí mo mọ̀ pé ibi tó dùn jù nínú ìtàn náà wà níwájú, èmi ò sì tíì débẹ̀.

Gígùn wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé wọ́n gùn. Persona 5, tó jáde ní Japan ní 2016, tó sì dé ọ̀dọ̀ àwa yòókù ní 2017, lè gba nǹkan bí 100 wákàtí. The Witcher 3, tí ilé iṣẹ́ kan ní Poland gbé jáde ní 2015, ìtàn rẹ̀ nìkan lè gba nǹkan bí 50 wákàtí, ká má tíì wá ka iṣẹ́ kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èmi ò rí i pé wákàtí ló ń dá mi dúró. Ohun tí ènìyàn bá fẹ́ràn, yóò wá àyè fún un. Ọjọ́ tí mo bá padà sí géèmù lẹ́yìn tí mo ti fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọjọ́ yẹn ni wàhálà.

Kì í sì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ń fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ ìwé, kí n máa ṣe fọ́tòkópì, kí n sì máa bá àwọn ọmọ ilé ìwé tẹ ìwé ìdánwò wọn jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí àsìkò JAMB bá dé, ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹni tó kẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Àsìkò yẹn kan náà ni kaṣú ń já. Oko kaṣú bàbá mi wà lọ́nà Ìyàrà, gbogbo wa la sì ń lọ: a ó ṣà á nílẹ̀, a ó fọwọ́ lọ́ kóró kúrò lára èso, a ó sá a, títí àwọn tó ń rà á yóò fi gbé òṣùwọ̀n wọn dé. Tí mo bá dé láti oko, ibùsùn ni ojú mi ń wá. Ká tó tún sọ ti iná. Iná lè wà lónìí, kó má tún dé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo ní ìnfátà, àmọ́ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo rà á fún, òun ló ń gbọ́ bùkátà, mi ò lè fi géèmù jẹ ẹ́ tán.

Final Fantasy X ló kọ́kọ́ fi èyí yé mi. Ọdún 2001 ló jáde fún ẹ̀rọ géèmù PlayStation 2 (PS2). Nígbà tí mo wà ní Pólì ní Lọ́kọ́ja, mo ra àlòkù rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yuna ló ń rin ìrìn àjò láti tẹ́ḿpìlì dé tẹ́ḿpìlì, kó lè gba agbára tí yóò fi ṣẹ́gun Sin, ẹranko ńlá tó ń pa ìlú rẹ́. Lórí òkè Gagazet, Seymour ọ̀tá wọn yọ sí wọn. Kí ìjà yẹn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ gígùn kan láti sọ, ẹ̀dà PS2 kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn fò ó. Tí Seymour bá pa ọ́, wàá tún jókòó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. Ó pa mí, mo padà wá, ó tún pa mí. Alẹ́ tí mo wá borí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò tíì dé ibi tí mo ti lè séèfù tí wọ́n fi mú iná lọ. Gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló pariwo. Èmi ò lè la ẹnu.

Ìdánwò wọlé dé lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo tún tan géèmù náà, oṣù ti gun orí oṣù. Yuna àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ dúró nínú yìnyín níbi tí mo fi wọ́n sí, ojú wọn sì ṣàjèjì sí mi. Mi ò mọ irú agbára tí mo fẹ́ fún ta ni lórí Sphere Grid, pátákó tí a ti ń yan agbára fún wọn, mọ́. Idà tó wà lọ́wọ́ Auron, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ Yuna, mi ò rántí ìdí tí mo fi yàn án. Mo wo gbogbo rẹ̀, mo pa géèmù náà. Yuna kò tíì kúrò lórí òkè yẹn.

Ìgbàgbé náà pín sí méjì, mo sì rò pé ó yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọwọ́ ń gbàgbé, ọkàn náà ń gbàgbé. Nínú géèmù tí ìjà rẹ̀ yára, ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ lọ. Elden Ring, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2022, ń gba méjèèjì lọ́wọ́ ẹni. Kò ní ìwé kankan tó ń ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ọ́. Ẹni tó bá ọ sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti sọ tirẹ̀, ìwọ ni kí o mọ̀ ọ́n sórí. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ó sì lẹ́wà fún ẹni tó lè bá a lọ lálaalẹ́. Èmi ò sí nínú àwọn yẹn.

Dragon Quest XI yàtọ̀ pátápátá. Bí ayò ni ìjà rẹ̀: o ta tìrẹ, ọ̀tá ta tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ síwájú rẹ kí o yàn nínú wọn, kò sí ohun tí ọwọ́ fẹ́ gbàgbé. Tí o bá sì tún ṣí i, yóò kọ́kọ́ sọ ibi tí ìtàn dé fún ọ kó tó jẹ́ kí o rìn. Pokémon FireRed ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 2004, ó máa ń fi àwọn nǹkan tí o ṣe kẹ́yìn hàn ọ́ bí o bá ṣe ń wọlé. Mo fẹ́ kí gbogbo RPG ní èyí. Kò le láti ṣe, mo sì gbàgbọ́ pé ọ̀pọ̀ tó pa géèmù tì ni ì bá ti parí rẹ̀ ká ní ẹnìkan rán wọn létí.

Ti The Witcher 3 ni mo fẹ́ sọ dáadáa, torí mo parí ìyẹn, mi ò sì dá nìkan parí rẹ̀. Tóbi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà tí a gbà ni pé kí n máa jà, kí òun máa ka ọ̀rọ̀ tó ń jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, kó sì máa sọ ibi tó yẹ ká lọ. Geralt, ẹni tí a ń darí nínú géèmù náà, ń wá Ciri, ọmọ tí ó tọ́ dàgbà. Ní Velen, agbègbè kan nínú géèmù náà, a dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bloody Baron. Ọ̀mùtí ni, ó ń na Anna ìyàwó rẹ̀. Oyún bàjẹ́ lára Anna, wọ́n sin ọmọ náà láìsọ ọ́ lórúkọ, ó sì di iwin tó ń rìn lóru, tó ń wá aboyún kiri.

O lè bá iwin náà jà kí o pa á. Ọ̀nà kejì ni pé kí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e padà sílé, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ ọ́ lórúkọ, kí wọ́n sì sin ín sábẹ́ ìloro. Tóbi ń ka ọ̀rọ̀ náà fún mi. Màmá wà lẹ́yìn wa, ó ń bó ẹ̀gúsí, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń gbọ́.

Màmá ní, “Wọn ò sọ ọmọ náà lórúkọ?”

Tóbi dá a lóhùn, “Wọn ò sọ ọ́ lórúkọ, Màmá.”

“Wọ́n gbé ọmọ sínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ lórúkọ jàre.”

A ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá náà gbé nǹkan burúkú yẹn mọ́ àyà nínú òjò, Geralt ń lé àwọn ẹ̀mí òkùnkùn tó ń bọ̀ wá gbà á. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó pè é ní Dea. Màmá ti gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀ pátápátá. Ó béèrè bóyá ìyá ọmọ náà yóò gbọ́ pé wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo sọ fún un pé iwájú ni a ó ti mọ̀. Títí dòní, tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbá géèmù rí pé kí ló wà nínú rẹ̀ tí mo fi ń jókòó tì í, alẹ́ yẹn ni mo máa ń sọ.

Ọlidé parí, Tóbi padà sí Lọ́kọ́ja, ó sì gba ìlérí lọ́wọ́ mi pé mi ò ní tẹ̀síwájú láìsí òun. Mo pa á mọ́. Kérésì ló tó padà dé. A tan géèmù, obìnrin kan dúró síwájú wa. Tóbi ní, “Bọ̀dá, ta nìyí?” Mo ní Keira ni. Ó ní, “Kí ló fẹ́ ká bá òun ṣe?” Mi ò mọ̀. Géèmù náà gbìyànjú, torí bó ṣe ń wọlé, wọ́n máa ń fi àwòrán sọ ìtàn náà, Dandelion ọ̀rẹ́ Geralt ló sì ń sọ ọ́. Ìtàn ńlá padà sí wa lórí. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ni kò padà.

Láti ìgbà náà ni a ti ní ìwé. Ìwé àjákọ lásán ni, a so báírò mọ́ ọn. Kí n tó pa géèmù, mo gbọ́dọ̀ kọ ibi tí a wà àti ohun tó kàn. Mo ṣí ojú ewé kan báyìí: “Velen. Keira fún wa ní fìtílà, òun la fi ń rí àwọn tó ti kú. Ilé ìṣọ́ tó wà láàárín omi ló kàn. Ọtí ti tán, ká ra òmíràn kí òògùn lè kún padà. Má ta idà fàdákà.” Lábẹ́ rẹ̀, Tóbi kọ tirẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà: “Bọ̀dá, ẹ má lọ Skellige láìsí mi o.” Ìwé yẹn ló bá wa parí rẹ̀. Tí ẹ bá ń gbá géèmù gígùn, ẹ ra ìwé. Ẹ má gbára lé orí.

Inú mi dùn pé a parí rẹ̀, torí òpin rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ayé Ciri yóò ṣe rí dúró lórí nǹkan tó dà bíi pé kò tó nǹkan lójú nígbà tó ń ṣẹlẹ̀: bóyá o bá a fi yìnyín ṣeré nígbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́, bóyá o jẹ́ kó lọ dá bá àwọn àgbà obìnrin onídán kan sọ̀rọ̀ tàbí o tẹ̀lé e wọlé bíi pé kò lè dá dúró. Ẹni tó bá pa géèmù náà tì sí Novigrad, ìlú ńlá kan nínú rẹ̀, kò lè mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń bọ̀. Iṣẹ́ kéékèèké ni kí ẹ gé dànù. Omi tó yí àwọn erékùṣù Skellige ká kún fún àmì ìbéèrè tó jẹ́ àpótí ẹrù inú omi lásán, a ò wo ọ̀pọ̀ rẹ̀, kò sì dín ìtàn náà kù.

Inú ń bí mi sí bí àwọn tó ń ta géèmù ṣe ń fi wákàtí polówó. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn tó ṣe Dying Light 2 kéde pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò lo ó kéré tán 500 wákàtí. Àwọn ènìyàn bínú, wọ́n sì ní láti jáde ṣàlàyé pé ìtàn rẹ̀ gan-an kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Mo wà lẹ́yìn àwọn tó bínú. Chrono Trigger, ti 1995, kì í gbà ju nǹkan bí 20 wákàtí lọ púpọ̀, kò sì sí ẹni tó gbá a tó lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Dragon Quest XI tí mo ń yìn yìí náà, lẹ́yìn tí orúkọ àwọn tó ṣe é bá ti kọjá tán, odindi apá kan ìtàn ṣì wà. Apá yẹn ń tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe. Èmi ò bá a lọ jìnnà. Ẹnìkan wà tí mo sunkún fún nínú géèmù yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹkún mi wà bẹ́ẹ̀.

Persona 5 ló kù nílẹ̀ báyìí. Kàlẹ́ńdà ló ń darí rẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni o ń yan ohun tí wàá ṣe, ìyẹn sì ń jẹ́ kí ìwé wa rọrùn láti kọ. Ọmọkùnrin inú rẹ̀ ń gbé ní àjà ilé ìtajà kọfí kan ní Tokyo. Bàbá mi rí ibi tí Sojiro, oníkọfí náà, ti ń pọn ọ́n, ó sì jókòó. Kọfí wà lóko bàbá tirẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń ká èso pupa rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sá a sórí àpáta. Ó ní àwọn ò mu ún rí, títà ni wọ́n ń tà á. Mo kọ èyí náà sínú ìwé, sí ojú ewé Persona.

Kaṣú ti bẹ̀rẹ̀ sí í já báyìí, nítorí náà oṣù keje inú géèmù ni Persona 5 yóò wà títí Tóbi yóò fi dé. Ní àárín ìgbà yẹn, Chrono Trigger ni mo fẹ́ gbá lórí fóònù, torí ìyẹn lè bá mi lọ sóko.